ÀRÍWÁ MẸ́TA: BÍ A TI Ń FI MÁÀPÙ, KỌ́ŃPÁÀSÌ ÀTI ÒṢÙWỌ̀N IGUN MỌ ILẸ̀ ÈKÓ

Ohun tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí dá lé lórí ni ọgbọ́n tí a fi ń mọ ibi tí a wà lórí ilẹ̀ àti ibi tí a ń lọ, nípa lílo ohun èlò mẹ́ta: máàpù, kọ́ńpáàsì, àti òṣùwọ̀n igun, èyí tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ń pè ní purotírátọ̀, tí ó rí bí ìlàjì òṣùpá. Àwọn tí ó sábà máa ń kọ́ irú ẹ̀kọ́ yìí ni àwọn ọmọ ogun, àti àwọn ará Yúróòpù tí ń gun òkè fún ìgbádùn. A kò ní òkè ńlá ní Èkó, bẹ́ẹ̀ ni a kò ní aginjù. Síbẹ̀, èrò wa ni pé ẹ̀kọ́ náà kan Ìsàlẹ̀ Èkó gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé níhìn-ín, ìlà tí ẹnìkan fà sórí ìwé ti lé ọ̀pọ̀ ìdílé kúrò lórí ilẹ̀ wọn, ó sì ti gba ilẹ̀ padà fún àwọn mìíràn. Ẹni tí kò bá lè yẹ irú ìlà bẹ́ẹ̀ wò fúnra rẹ̀, ohun tí wọ́n bá sọ fún un ni yóò gbà.

Kí kọ́ńpáàsì tó dé ọ̀dọ̀ wa, àwọn baba ńlá wa mọ ọ̀nà wọn. Ibi tí oòrùn ti ń là àti ibi tí ó ti ń wọ̀ ni wọ́n fi sọ ìhà méjì lórúkọ; àríwá àti gúúsù sì parí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá fetí sí bí àwọn ọmọ Èkó ti ń júwe ọ̀nà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ oòrùn ni yóò gbọ́ lẹ́nu wọn. Òkè àti ìsàlẹ̀, ìta, ẹnu àti ẹ̀yìn ni wọ́n ń lò: Ìsàlẹ̀ Èkó, Òkè Pópó, Òkè Àrín, Ìta Fájì, Ẹnu Ọ̀wá, àti Ẹ̀yìngbẹtì tí òyìnbó sọ di Marina. Àwọn orúkọ tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ìdú-, irú bí Ìdúmọ̀tà, Ìdúmàgbò, Ìdúntáfà, àti Ìdúngánràn tí ìgà ọba wà, ní èdè Ẹdó nínú. Àdúgbò ni wọ́n ń tọ́ka sí, èyí tí ó ní olórí àti ìdílé tirẹ̀. Irú ìjúwe yìí péye gan-an fún ẹni tí ó bá mọ àwọn ìgà àti àwọn agbo ilé. Àléébù rẹ̀ ni pé àjèjì kò lè lò ó láìjẹ́ pé ọmọ onílé mú un lọ́wọ́. Máàpù kò bèèrè bóyá a mọ ẹnikẹ́ni. Ẹni tí kò dé Èkó rí lè jókòó ní Lọ́ńdọ̀nù kí ó fi ìka tọ́ka sí Ẹnu Ọ̀wá lórí ìwé. Agbára máàpù nìyí, ibẹ̀ náà sì ni ewu rẹ̀ wà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí kọ́ńpáàsì nìkan kò lè ṣe. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, àwọn ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá kọlu Èkó láti lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè, kí wọ́n sì dá Akíntóyè padà. Nínú ìjà náà, tí àwọn ará Èkó ń pè ní Ogun Àgídìngbì, ọkọ̀ méjì tí orúkọ wọn ń jẹ́ Bloodhound àti Teazer fi ìdí sọlẹ̀ nínú ọ̀sà, wọn kò sì lè tètè kúrò níbẹ̀ bí ìbọn ti ń rọ̀ lù wọ́n láti etí omi. Kì í ṣe pé wọn kò mọ ibi tí àríwá wà. Kọ́ńpáàsì a máa sọ ìhà tí a kọjú sí; kì í sọ ohun tí ó wà ní ìhà náà. Ibi tí omi jìn àti ibi tí yanrìn ga sí, orí àwòrán tí ẹnìkan ti fi ara balẹ̀ wọ̀n ni a ti ń rí i, tàbí kí a bèèrè lọ́wọ́ ẹni tí a bí sí orí omi náà.

Lẹ́yìn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní 1861 ni wíwọn ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀. Àwòrán kan tí ó lókìkí ni èyí tí W. T. G. Lawson, igbákejì awọnlẹ̀ ìjọba, yà ní 1885 fún ìpàtẹ ńlá tí wọ́n ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1886. Ẹni tí ó bá wo àwòrán yẹn yóò rí i pé bí ìlú méjì ni ó rí. Ní ìhà Ẹ̀yìngbẹtì àti Broad Street, ọ̀nà tò gbọọrọ. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ọ̀nà wé mọ́ ara wọn, wọ́n sì ń yí agbo ilé po, nítorí pé ilé ni ó kọ́kọ́ wà kí ọ̀nà tó wà. Irú ibi báyìí ni igbó wa, bí a bá fẹ́ lo èdè àwọn tí ń gun òkè: ojú kò ríran jìnnà, ọ̀nà kì í lọ tààrà, ènìyàn sì lè yí ká fún wákàtí kan láìkúrò lójú kan.

Nísinsìnyí, kí a wá sí orí àwọn ohun èlò náà. Nǹkan àkọ́kọ́ tí a ń wò lórí máàpù ni ìwọ̀n tí wọ́n fi dín ilẹ̀ kù. Bí a bá kọ 1:50,000 sí i, èyí tí ó wọ́pọ̀ lára àwọn máàpù ìjọba àpapọ̀, sẹ̀ǹtímítà kan lórí ìwé dúró fún 500 mítà lórí ilẹ̀. Gbogbo Ìsàlẹ̀ Èkó kò ju ìbú àtàǹpàkò lọ lórí irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ó dára fún ẹni tí ó fẹ́ gba ọ̀sà lọ sí Ìkòròdú tàbí tí ó fẹ́ wọ inú àbàtà ìhà Ẹ̀pẹ́. Kò wúlò fún ẹni tí ó ń wá ojúlé kan ní Ìdúntáfà. Ti ìwé ìwọ̀nlẹ̀ tí àwọn ènìyàn ń pè ní sọ́fè yàtọ̀. Lórí ìwé tí a kọ 1:500 sí, sẹ̀ǹtímítà kan jẹ́ mítà 5 péré.

Kọ́ńpáàsì ní tirẹ̀ kò ju abẹ́rẹ́ òòfà tí a gbé sórí ṣóńṣó lọ, kí ó lè yí bí ó bá ti wù ú. Ilé-ayé fúnra rẹ̀ jẹ́ òòfà ńlá kan, òun ni ó ń fa abẹ́rẹ́ náà. Ohun kan wà níhìn-ín tí àwọn tí ń ra kọ́ńpáàsì láti òkè òkun kì í sábà mọ̀. Ní Yúróòpù, òòfà ilé-ayé a máa fa orí àríwá abẹ́rẹ́ wá sílẹ̀ gidigidi, nítorí náà àwọn tí ń ṣe é níbẹ̀ a máa fi ohun wíwúwo díẹ̀ sí orí kejì kí ó lè dọ́gba. Ìlà tí abẹ́rẹ́ ti ń dùbúlẹ̀ gbọọrọ láìtẹ̀ síbì kan gba apá àríwá Nàìjíríà kọjá, Èkó sì wà ní gúúsù rẹ̀ díẹ̀. Bí a bá gbé kọ́ńpáàsì tí wọ́n ṣe fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá síhìn-ín, orí tí wọ́n wúwo sí yóò tẹ̀ sísàlẹ̀, ó tilẹ̀ lè máa ha ojú ilé rẹ̀, yóò sì dúró síbi tí kò yẹ. Ẹni tí ó bá fẹ́ rà á kí ó bèèrè èyí tí wọ́n ṣe fún agbègbè wa.

Irin ni ọ̀tá kejì. Ìsàlẹ̀ Èkó kún fún páànù, fún géètì onírin, fún ọkọ̀ tí ó tò lẹ́sẹẹsẹ. Ẹni tí ó bá dúró lórí afárá Carter tí ó ń wo kọ́ńpáàsì, irin afárá ni ó ń bèèrè ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀. Fóònù tí a dì mọ́ ọwọ́ kan náà lè fa abẹ́rẹ́ kúrò ní ipò rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí òòfà tí ó wà nínú ẹ̀rọ tí ó ń sọ̀rọ̀. Kí a jìnnà sí irin, kí a sì wo abẹ́rẹ́ ní ibi méjì tàbí mẹ́ta lójú ìlà kan náà. Bí iye tí a kà bá yàtọ̀ síra, irin wà nítòsí.

A wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti díjú, tí a sì fi sọ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí lórúkọ. Àríwá kì í ṣe ẹyọ kan. Àríwá òtítọ́ ni ìhà orí ilé-ayé, níbi tí gbogbo ìlà tí ó lọ láti gúúsù sí àríwá ti pàdé. Àríwá òòfà ni ibi tí abẹ́rẹ́ kọjú sí. Àríwá ìwé sì ni ìhà tí àwọn ìlà òòró tí ó wà lórí máàpù kọjú sí, àwọn ìlà tí ó pín ojú rẹ̀ sí igun mẹ́rin mẹ́rin. Nítorí pé ilé-ayé rí roboto tí ìwé sì tẹ́ pẹrẹsẹ, àríwá òtítọ́ àti àríwá ìwé kì í sábà bá ara wọn dọ́gba. Orí ìlà kan ṣoṣo láàárín ni wọ́n ti ń dọ́gba, fún agbègbè tí Èkó wà, ìlà náà sì ni ìlà dìgírì 3 ní ìlà-oòrùn Greenwich. Èkó fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó lé e lórí. Ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá dìgírì kan. Ẹ̀bùn ni èyí jẹ́ fún wa, nítorí pé a lè ka méjèèjì sí ọ̀kan.

Ti òòfà kò rí bẹ́ẹ̀. Àríwá òòfà a máa ṣí kiri láti ọdún dé ọdún. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì ní Èkó yà sí ìwọ̀-oòrùn àríwá òtítọ́ pẹ̀lú ohun tí ó ju dìgírì 10 lọ. Lónìí, kò tó dìgírì 3. Ìyẹn ni pé bí awọnlẹ̀ kan bá ti fi kọ́ńpáàsì kọ ìhà tí ààlà kan kọjú sí ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, tí ẹnìkan sì gbé kọ́ńpáàsì lónìí láti tẹ̀lé iye kan náà gan-an, ọ̀nà mìíràn ni yóò gbà. Kí ni èyí já sí lórí ilẹ̀? Bí a bá ṣìnà pẹ̀lú dìgírì kan ṣoṣo, nígbà tí a bá rin 100 mítà, a ó ti fi mítà kan àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin yà kúrò lójú ìlà. Bí ó bá jẹ́ dìgírì 10, yíyà náà lé ní mítà 17. Nínú igbó, èyí lè má ju kí a bọ́ sí ẹ̀yìn igi kan lọ. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, a ó ti la àgbàlá ọmọnìkejì já, a ó sì ti bọ́ sí òpópónà kejì.

Báyìí ni a ṣe ń lo òṣùwọ̀n igun. Kí a fi rúlà fa ìlà láti ibi tí a wà dé ibi tí a ń lọ lórí máàpù. Kí a gbé àárín òṣùwọ̀n igun lé ibi tí a wà, kí òdo rẹ̀ kọjú sí àríwá ìwé, kí a sì ka iye dìgírì láti òdo títí dé ìlà wa, bí ọwọ́ agogo ti ń yí. Iye yìí ni a ó máa pè ní ìdojúkọ. Nítorí pé ìlàjì òṣùpá kò ju 180 lọ, bí ibi tí a ń lọ bá wà ní ìhà ìwọ̀-oòrùn, a óò yí i padà, kí òdo kọjú sí gúúsù, kí a kà á bákan náà, kí a sì fi 180 kún un. Lẹ́yìn èyí ni ìṣirò òòfà. Nígbà tí abẹ́rẹ́ bá ń yà sí ìwọ̀-oòrùn, bí ó ti ń ṣe ní ọ̀dọ̀ wa, a óò fi iye yíyà náà kún ìdojúkọ tí a rí lórí ìwé kí a tó tẹ̀lé kọ́ńpáàsì. Bí a bá rí 60 lórí ìwé, tí yíyà sì jẹ́ 2, 62 ni a ó tẹ̀lé. Bí ó bá jẹ́ pé láti ara kọ́ńpáàsì ni a fẹ́ gbé e padà sórí ìwé, a óò yọ ọ́ kúrò. Máàpù tí ó bá péye a máa kọ yíyà òòfà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọdún tí wọ́n wọ̀n ọ́n. Ọdún yẹn ni ó yẹ kí ojú wa kọ́kọ́ lọ sí.

Ìrìn wá kù. Ènìyàn kò lè máa wo abẹ́rẹ́ bí ó ti ń rìn ní Ìdúmọ̀tà, àwọn alárù yóò gbá a dànù. A óò gbé kọ́ńpáàsì sókè lẹ́ẹ̀kan, a óò wá ohun kan tí ó wà lójú ìlà wa gan-an, bí ṣóńṣó mọ́ṣáláṣí tàbí igi, a óò sì lọ bá a kí a tó tún wò. A óò máa ka ìṣísẹ̀. Àgbàlagbà a máa gbé ìṣísẹ̀ bí 120 sí 140 nínú 100 mítà, kí olúkúlùkù lọ wọn tirẹ̀. Bí agbo ilé bá dí ọ̀nà, kí a yà sí ọ̀tún ní igun 90, kí a ka ìṣísẹ̀, ká ní 30, kí a tún yà sí òsì ní 90, kí a lọ síwájú títí a ó fi kọjá ìdènà náà, kí a tún yà sí òsì fún ìṣísẹ̀ 30 náà, kí a sì padà sójú ìlà wa. Bákan náà ni ẹni tí àbàtà bá dí mọ́ ọn ní ìhà Àgbádárìgì yóò ṣe. Láti mọ̀ bóyá a kò tíì ṣìnà, kí a bojú wẹ̀yìn: iye tí kọ́ńpáàsì yóò kà sí ibi tí a ti ń bọ̀ gbọ́dọ̀ fi 180 yàtọ̀ sí ti iwájú.

Bí a kò bá mọ ibi tí a wà rárá ńkọ́? Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ká ní a wà nínú ọkọ̀ ojú omi lórí ọ̀sà, ní ìlà-oòrùn Afárá Kẹta tí wọ́n parí ní 1990. A rí ilé gíga Sẹ́nétì ti Yunifásítì Èkó ní ìhà àríwá tí ó yà sí ìwọ̀-oòrùn. A sì rí ilé alájà 32 tí ó wà ní Marina, tí wọ́n ń pè ní NECOM House, ní ìhà gúúsù tí ó yà sí ìwọ̀-oòrùn. A óò ka ìdojúkọ kọ̀ọ̀kan, a óò yọ yíyà òòfà kúrò, a óò yí i padà pẹ̀lú 180, a óò sì fi òṣùwọ̀n igun fa ìlà kan láti ara ilé kọ̀ọ̀kan lórí máàpù. Ibi tí ìlà méjèèjì ti dábùú ara wọn ni ọkọ̀ wa wà. Bí a bá rí ohun kẹta, ó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ìlà mẹ́ta kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdé lójú kan. Igun mẹ́ta kékeré tí wọ́n bá ṣe ni yóò sọ fún wa bí a ti péye tó. Àwọn apẹja ń ṣe ohun tí ó fara jọ ọ́ láìsí ìwé: wọ́n a dúró síbi tí ohun méjì ní etí ilẹ̀ ti bo ara wọn, èyí sì jẹ́ ìlà tí irin kò lè dà rú.

A ní láti ṣọ́ra fún máàpù tí ó ti gbó. Ọ̀sà kékeré kan wà ní Ìdúmàgbò nígbà kan rí. Wọ́n ti dí i, ó ti di àdúgbò àti òpópónà. Odò tí òyìnbó gbẹ́, tí ó ń jẹ́ MacGregor Canal, tí ó ya Èkó kúrò lára Ìkòyí, ti di ọ̀nà ọkọ̀. Ẹ̀yìngbẹtì tí ó wà létí omi gan-an nínú àwòrán 1885 kò sí létí omi mọ́, nítorí ilẹ̀ tí wọ́n kún síwájú rẹ̀. Irú ìkìlọ̀ kan náà kan fóònù tí ń tọ́ni sọ́nà. Iye tí fóònù ń fúnni, ìpìlẹ̀ ìṣirò kan tí gbogbo ayé ń lò ni ó gbé e lé. Àwọn máàpù Nàìjíríà ti àtijọ́ gbé tiwọn lé ìpìlẹ̀ tí wọ́n fi lélẹ̀ ní Minna. Ẹni tí ó bá gbé iye ti fóònù sórí máàpù ti Minna láìṣe àtúnṣe yóò fi nǹkan bí 100 mítà ṣì í, láìsí àléébù kankan lára fóònù tàbí lára máàpù náà.

Ẹni tí ó fi hàn jùlọ ní Èkó pé ọgbọ́n wíwọn ilẹ̀ lè di ohun ìjà fún onílẹ̀ ni Herbert Macaulay, ọmọ-ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther. Plymouth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ti kọ́ iṣẹ́ láàárín 1890 àti 1893; ó wọn ilẹ̀ fún ìjọba títí di 1898 tí ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ láti dá dúró. Nígbà tí ìjọba gba ilẹ̀ ìdílé Olúwa ní Àpápá, tí wọ́n sì ní owó tí yóò tọ́ sí Olóyè Àmọ́dù Tìjání Olúwa kò ju ti ẹni tí ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ, Macaulay bá a lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1920. Ní 1921, Ìgbìmọ̀ Privy Council dá a láre pé ìdílé ni ó ni ilẹ̀ náà, kí ìjọba san owó rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ onílẹ̀. Òótọ́ ni pé òfin ni ó borí níbẹ̀, kì í ṣe kọ́ńpáàsì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá Olóyè lọ mọ bí ìjọba ti ń fa ìlà, nítorí pé òun náà ti fà á rí.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó rí irú alábàárìn bẹ́ẹ̀. Wọ́n dá LEDB, àjọ tí ń tún ìlú Èkó ṣe, sílẹ̀ ní 1928 lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn. Láti 1955 ni àjọ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í wó àwọn ilé àárín gbùngbùn Èkó, tí wọ́n sì ń kó àwọn ènìyàn lọ sí Sùúrùlérè. Ìwé tí Peter Marris ṣe lórí ọ̀rọ̀ náà, tí ó jáde ní 1961, fi hàn bí ẹbí tí ń gbé pọ̀ ti fọ́nká. Lórí àwòrán àjọ náà, ìlà tààrà ni wọ́n fà. Agbo ilé kò sí lára ohun tí àwòrán náà kà sí.

Kí ni ẹni tí ìwé sọ́fè wà lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí lè ṣe? Lórí ìwé náà, a kọ ìdojúkọ àti iye mítà láti òpó ààlà kan dé èkejì, títí a ó fi padà dé ti àkọ́kọ́. Kí ó mú bébà mímọ́, rúlà àti òṣùwọ̀n igun, kí ó tún ìlà wọ̀nyí fà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìlà ìkẹyìn gbọ́dọ̀ padà dé ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀. Bí ilẹ̀ náà bá ní igun mẹ́rin, àpapọ̀ igun inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ 360, bí ó bá jẹ́ márùn-ún, 540. Lẹ́yìn náà kí ó gbé kọ́ńpáàsì lọ sórí ilẹ̀, kí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó kọ̀ọ̀kan, kí ó wo èkejì, kí ó sì ka ìṣísẹ̀ rẹ̀. Kọ́ńpáàsì ọwọ́ lè fi dìgírì kan tàbí méjì ṣì í, nítorí náà kò lè rọ́pò ẹ̀rọ awọnlẹ̀, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni gbé e lọ sílé ẹjọ́. Ṣùgbọ́n yóò fi àṣìṣe ńlá hàn: òpó tí wọ́n ti hú kúrò, ààlà tí ó ti yí, tàbí ilẹ̀ tí ó kéré sí èyí tí ìwé wí.

Ohun kan wà tí òṣùwọ̀n igun kò lè rí. Ìwé lè pé, kí igun rẹ̀ dọ́gba, kí ó sì jẹ́ pé ilẹ̀ ibòmíràn ni ó ń júwe, tàbí pé orí ilẹ̀ tí ìjọba ti gbà ni ó bọ́ sí. Láti mọ èyí, a óò mú iye tí ó sọ ipò òpó àkọ́kọ́ lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General ti Ìpínlẹ̀ Èkó ní Alausa, Ìkejà. Ibẹ̀ ni awọnlẹ̀ ti gbọ́dọ̀ fi ẹ̀dà ìwé náà sílẹ̀, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní ẹ̀dà pupa. Kí a tún wo bóyá orúkọ ẹni tí ó buwọ́ lù ú wà nínú ìwé SURCON, ìgbìmọ̀ tí òfin 1989 dá sílẹ̀ láti máa forúkọ àwọn awọnlẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹ̀dà pupa kò bá sí níbẹ̀, kí a má ì tíì san owó ilẹ̀ náà.